Bàálù Tí Mo Ní Kò Ní Í Wá

Eruku ọyẹ́ ni mo fi ń rántí ọdún yẹn. Á bà lé ètè, á bà lé abọ́ oúnjẹ, bí èèyàn bá sì gbàgbé láti dé omi mímu, á ti bo ojú rẹ̀. Ìgbògbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú, ni mo háyà yàrá sí nígbà náà, tí mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo sì máa ń so táì, kò sì sí aládùúgbò tó bi mí ní ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Èmi náà kì í sọ.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Tábìlì kan wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn èrò ń dúró sí, kọ̀ǹpútà kan sì wà lórí rẹ̀. Ohun tí mo bá rí lójú kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ sójú pátákó, kí àwọn èrò lè mọ ìgbà tí bàálù wọn máa gbéra. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ gidi wà. Ilé iṣẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ètò tuntun kan sínú kọ̀ǹpútà wọn, tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ tàbí òjò bá dá bàálù kan dúró, ètò náà á wá ọ̀nà míì kíákíá: á mú bàálù tó wà nítòsí, á wá awakọ̀ tí kò tíì rẹ̀, á da èrò bàálù méjì pọ̀ sínú ẹyọ kan. Bí ọ̀gá òkè bá ti fọwọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tiwa. Àmọ́ kì í sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàálù tí wọ́n fagi lé ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ní pupa; èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Nítorí èyí, obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, tí mo ń pè ní àǹtí, kì í kọ nǹkan kan sójú pátákó bó bá rí pupa, àfi bó bá kọ́kọ́ gun òkè lọ bèèrè. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò gbà pé kọ̀ǹpútà gbọ́n jù yín lọ ni?"

"Ó gbọ́n jù mí lọ, olóríburúkú. Kò kàn tíì sọ̀rọ̀ tán ni."

Ní Ẹ̀pẹ́, nílé wa, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n mọ̀ mí sí. Bàbá wa, apẹja tó ti dàgbà, ti sọ fún gbogbo etí ọ̀sà pé ọmọ òun ló ń darí bàálù. Bí mo bá wálé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á nàka sókè: "Ìyẹn tó ń kọjá yẹn ńkọ́, ọmọ? Ibo lo ní kó lọ?" Èmi náà á wòkè bí ọ̀gá, mà á ní, "Àbújá ni, Bàbá." Irọ́ gbuu! Ibi tí ẹyẹ ń lọ gan-an n kò mọ̀, ká má tíì sọ bàálù. Àwọn àgbà ní ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Ṣùgbọ́n iyì tí bàbá ẹni bá fi ẹnu ara rẹ̀ bù fúnni, ó máa ń ṣòro láti dá padà.

Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí bàbá wa, ń ṣe tíṣà ní Kánò, ó sì ti pẹ́ tó ti wálé gbẹ̀yìn. Bàbá kì í sọ pé àárò rẹ̀ ń sọ òun. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Òun ni yóò gbé mi sílẹ̀." Nílé wa, àkọ́bí ọkùnrin ló ń sọ̀ sínú sàréè láti gba òkú bàbá rẹ̀, òun náà ló sì ń wo ojú rẹ̀ gbẹ̀yìn kí wọ́n tó di aṣọ funfun.

Bàbá kú lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, nínú ọyẹ́ yẹn. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí láti pápákọ̀ Kánò. Bàálù ilé iṣẹ́ wa ló fẹ́ wọ̀, ọyẹ́ kò sì jẹ́ kó gbéra. Ó ní, "Àbúrò mi, sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè mí. Mo bẹ̀ ọ́." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé èmi wà níbẹ̀, àfi bíi pé èmi ni mo máa tú ọyẹ́ ká.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí, pè láti Ẹ̀pẹ́. Ó ní Àáfà ti sọ pé a kì í tọ́jú òkú mùsùlùmí pamọ́, pé lẹ́yìn Àílà, ìrun ọ̀sán, ni wọ́n máa kírun sí i lára. "Àmọ́ ìwọ lo mọ̀ nípa bàálù. Bó o bá ní ó ń bọ̀, mà á bẹ Àáfà kó jẹ́ ká dúró di Alásárì ìrọ̀lẹ́. Bó o bá ní kò bọ̀, a ò ní í fìyà jẹ òkú. Èwo ni ká ṣe?"

Mo wo kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni ìlà Kánò pọ́n: wọ́n ti fagi lé e. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n bàbá wa dúró, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, fóònù kò lọ, bó ṣe máa ń rí nígbà náà. Àtẹ̀gùn òkè wà lẹ́yìn mi, n kò gùn ún. Èmi tí mò ń darí bàálù, báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ẹ̀gbọ́n bàbá wa jẹ́ kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan?

"Kò ní í wá mọ́, Bàbá. Ẹ má dúró dè é."

"Ó dáa. Ìwọ máa bọ̀ wá gbé bàbá rẹ."

Mo gba ọ̀nà Ìtòìkín délé. Èmi ni wọ́n ṣí ojú Bàbá hàn. Èmi ni mo sọ̀ sínú sàréè, tí mo na ọwọ́ sókè gbà á. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Alásárì kò tíì tó, a ṣì wà lórí ẹní, nígbà tí ọ̀kadà kan já ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń sáré wọlé kó tó rí ojú wa. Ó ní wọ́n kó àwọn sínú bàálù ńlá míì, pé kọ̀ǹpútà ló tún ètò ṣe. Ó wo àwọn tó jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ní kí ẹ má dúró dè mí?"

"Ọlọ́run ni, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa dáhùn.

"Ọlọ́run kì í pe fóònù, Bàbá."

Mo ní, "Èmi ni, bùọ̀dá mi."

Ǹ bá fẹ́ kó gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó lọ jókòó sórí erùpẹ̀ tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú aṣọ tíṣà rẹ̀, ó sì ní kí n wá.

"O rí ojú rẹ̀?"

"Mo rí i."

"Sọ ọ́ fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mo ní wọ́n ti ya irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa. Mo ní ètè rẹ̀ gbẹ, pé ojú òsì rẹ̀ kò pa dé tán. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ṣé ó dà bí ẹni tó ń retí èèyàn?"

Mo ní rárá. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ètò inú kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún ló ṣe, ó sì gbé ẹ̀gbọ́n mi délé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, tèmi ló sì bọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi bú mi rí. Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí ẹni tí wọ́n bá bú á lè tọrọ àforíjì, á sì sinmi. Iléyá tó kọjá, gbogbo wa wà ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ rẹ̀ kékeré bi í bóyá òun ló gbé bàbá àgbà sínú sàréè. Ó wò mí fìrí, ó yí ojú padà sọ́dọ̀ ọmọ náà.

"Èmi àti àbúrò mi la jọ gbé e," ló sọ.

Inú ọmọ náà dùn sí i, ó sáré padà sídìí ẹran. Mo ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi níbi tó gbé e lé orúnkún, ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.