Ìwé Dráàfù Méjì Tí Dádì Rà Fún Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Onitsha, mi ò fọkàn tán ẹnì kankan. Bí Màámi bá bu ẹran fún mi, màá kọ́kọ́ yọjú wo abọ́ Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi, kí n tó dúpẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ jẹ́ àbíkẹ́yìn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Báńkì ló gbé Dádì lọ síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti jẹ ìrẹsì tán, Dádì àti Papa Ngozi, onílé wa, máa ń gbé pátákó dráàfù sábẹ́ igi máńgòrò. Ó wù mí bí ẹni máa kú kí èmi náà jókòó kọjú sí Dádì níbẹ̀. Dádì ní ọmọ tó bá fi oṣù kan kàwé dráàfù dáadáa ni àwọn máa bá ta.

Ni wọ́n bá kó wa lọ sí Main Market. Ọkùnrin tó ń tàwé gbé méjì síwájú wa.

"Oga, dis small one na for learner. Dis big one na for master."

Dádì gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣí wọn, wọ́n ń fìka ka nǹkan nínú àwòrán wọn. Kí wọ́n tó kà á tán, Káyọ̀dé ti di ìwé ńlá mọ́ àyà. Dádì rẹ́rìn-ín, wọ́n rà á fún un. Èyí tó tín-ín-rín ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ṣé torí pé mo jẹ́ obìnrin ni? Àbí wọn ò tíì gbàgbé awò ojú wọn tí mo fọ́? Inú bí mi gan-an!

Mo ju tèmi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kejì ni bọ́ọ̀lù ti mú kí Káyọ̀dé gbàgbé ìwé tirẹ̀, ni mo bá ń jí tiẹ̀ kà. Ẹ̀wà jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Màámi fi orógùn bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ mo kọ́ ìwé yẹn sórí.

Oṣù pé, mo jókòó kọjú sí Dádì. Mo gbé ọmọ dráàfù mi sẹ́yìn tiwọn, níbi tí ìwé ní ewu ò sí. Dádì fi ọmọ tiwọn fò padà sẹ́yìn, wọ́n jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

"Ojóró! Ọmọ kì í jẹ sẹ́yìn!"

Papa Ngozi rẹ́rìn-ín dikùn mú. "Nne, who tell you?"

Dádì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá, kí n ka ilé inú àwòrán rẹ̀. Mẹ́jọ-mẹ́jọ ni. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ti pátákó wa. Dráàfù ìlú òyìnbó ló wà nínú ìwé ńlá yẹn, òfin wọn sì yàtọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ń wá ohun tó máa gbé kiri," ni Dádì wí. "Ìwọ lo fẹ́ mọ dráàfù. Ìdí tí mo fi fún ọ ní tiwa nìyẹn."

Ojú tì mí débi pé mo sunkún.

Lóde òní, fóònù ni àwọn ọmọ mi fi ń ta dráàfù. Fóònù ló ń bi wọ́n bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Dádì ti darúgbó, wọ́n ti padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láyé ọjọ́un, mi ò lè borí wọn. Ní báyìí, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí wọn ni mò ń borí. Lọ́jọ́sí, wọ́n tẹjú mọ́ pátákó títí, wọ́n wá bi mí lẹ́ẹ̀kẹta pé ta ló kàn. Mò ń fura pé ṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Ọlọ́run, jọ̀ọ́, jẹ́ kó rí bí mo ṣe fura.