Bí Dúdúyẹmí Ṣe Kí Àwọn Ará Ifọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi kúrò n'Ìbàfò: èmi, Dúdúyẹmí, àti Bọ̀ọ̀dá Wàsíù tó ni ọkọ̀ akẹ́rù. Dúdúyẹmí ni ẹṣin Bàbá Múfù, ọ̀gá mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fà á lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti ọdún Iléyá, káwọn ọmọdé gùn ún ya fọ́tò. Èmi ni mo kọ́ ọ pé tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́, kó dúró, kó ká ẹsẹ̀ iwájú kan, kó tẹrí ba.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ìdíje kí ẹṣin máa fo igi l'Ifọ̀, fún àwa tí kì í ṣe ọ̀gá nídìí ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ bó ṣe máa fo bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ife ẹ̀yẹ ti délé.

Bàbá Múfù ní, "Jímọ̀, máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá fìyà jẹ ẹ́ nítorí ojú ayé, o ò ní di ìjánu rẹ̀ mú mọ́."

Ní Mówè, mo ra àkàrà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti búrẹ́dì. Dúdúyẹmí jẹ ìdajì búrẹ́dì ọ̀hún. Lẹ́yìn Ọ̀fàdà, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù wo bọ́ọ̀tù òjò tí mo wọ̀.

"Jímọ̀, ṣé ìdíje lò ń lọ ni àbí oko ẹja?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá gba ife, ẹ ó bá mi ya fọ́tò."

"Ìwọ kẹ̀? Ẹṣin ni màá bá yà á."

Nílé, ariwo la fi ń wòran. L'Ifọ̀, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má pariwo, kí wọ́n kàn máa pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀.

Mo gun Dúdúyẹmí, ó fo igi àkọ́kọ́ bí ẹyẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dúró gbọn-in, ó ká ẹsẹ̀, ó tẹrí ba. Èmi gba orí ọrùn rẹ̀ yọ̀ bọ́ sílẹ̀ gbì. Adájọ́ gbé àsíá sókè: "Réfúsà!" Ìyẹn ni pé ẹṣin kọ̀, kò fò. Kò kọ̀ o. Ó ń kí wọn ni.

Mo tún gùn ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ láti kì mí láyà. Ó tún tẹrí ba. Ìtìjú gbé mi wọ̀, mo nà án lẹ́gba lẹ́ẹ̀mejì. Ẹṣin yíjú wò mí, bí ẹni tó ń bèèrè ohun tó ṣe. Wọ́n ní ká jáde.

Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé Mówè. Ìyẹn dùn mí ju ìṣubú lọ. Ó ní, "Mi ò ní sọ fún Bàbá o."

"Èmi máa sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tá a délé, Bàbá Múfù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo fa Dúdúyẹmí sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, ìjánu ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ife ńkọ́?"

"Kò sí, sà. Mo nà án, sà. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe, mo sì nà án."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n rọra gba ìjánu lọ́wọ́ mi.

Àwọn ará àdúgbò ti rí ọkọ̀ wa. Wọ́n rò pé a ti gba ife, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Dúdúyẹmí ká ẹsẹ̀, ó tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwa méjèèjì la dorí kodò níwájú wọn: òun ń kí wọn, èmi ń bẹ òun.