Ohun Tí Kòníjò Dí

Kòníjò ni wọ́n ń pè é, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní parí táìlì ilé ìwẹ̀ kan kó má fọwọ́ lu ògiri pé, "Kò ní jò!" Ọdún méjìdínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, a ò sì gbọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ jò rí. Èèyàn dáadáa ni. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń dà á láàmú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Lọ́jọ́ Ajé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹ̀gbọ́n yìí, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ léraléra. Kòníjò ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá ń jò, ṣebí dídí ni wọ́n ń dí i? Ó ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, ó fún un ní mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbẹ́ dá. Ó jáde sí àdúgbò, ó ń sọ fún tẹrú-tọmọ pé òun ti dí i.

Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, ikùn obìnrin náà ti wú, ara rẹ̀ ń gbóná janjan. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, orí Kòníjò dàrú. Ohun tó ti dí, báwo ló ṣe tún ń bàjẹ́ sí i?

Dókítà, ọmọbìnrin onísùúrù kan, ṣàlàyé fún un.

"Ọ̀gá, kòkòrò àrùn ló wọ inú wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo inú ìfun lẹ̀ mọ́ra tímọ́tímọ́. Kòkòrò yìí ò rí iwájú wọn gbà wọlé."

"Bíi táìlì," ni Kòníjò wí. "Ojú ẹ̀ kì í fa omi. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń fà á."

"Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló ń gbà wọlé."

"Ta ló gbé e dé ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀ṣọ́ ara fúnra wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó máa ń gbé kòkòrò wọlé káwọn ọmọ ogun ara lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kòkòrò yìí á bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, á gba ẹ̀yìn wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìjáde síta, á sì máa tú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra."

Kòníjò lanu sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé olè wọlé! Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Ṣé ara èèyàn ò ní fóòmànù ni? Ó wo dókítà, ó wo ògiri, kò rí èyí tó yé e.

"Ìgbẹ́ yẹn wà lára ohun tó ń gbá kòkòrò náà jáde," ni dókítà wí. "Ẹ̀rù ń bà wá pé ìfun ti lu. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a máa ṣiṣẹ́ abẹ lónìí. Àbí ẹnì kan fún wọn lóògùn tó dá ìgbẹ́ dúró? Ìyẹn náà lè mú ikùn wú."

"Ẹnikẹ́ni ò fún mi ní nǹkan kan," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì, kò wojú àbúrò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dojú rú pátápátá. Kí ló dé tó ń purọ́? Bí Kòníjò bá ti lè panu mọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ fi la ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bà á ju ìtìjú lọ.

"Irọ́ ni, dókítà. Èmi ni mo fún wọn. Mẹ́rin ni."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí iṣẹ́ abẹ dúró ná, kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán inú rẹ̀.

"Mẹ́fà ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Nígbà tó jáde, ìgbẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀. Mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ níta, ó ń sọ fún gbogbo wọn pé òun ti dí i. Mi ò fẹ́ kójú tì í. Mo bá lo méjì sí i."