Ìka Bàámi Lẹ́nu Abẹ̀bẹ̀

Mo yọ ẹ́ńjìnnì elépo kúrò lára ọkọ̀ òfurufú kékeré tí Bàámi fi ń ṣeré lórí pápá ilé ìwé ní Ìlá, mo fi oníbátìrì rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dán an wò, mo di rìmóòtù tó ń darí rẹ̀ mú lọ́wọ́. Mo ti so bátìrì mọ́ ọn, kò sì dún rárá, àmọ́ ó ti ṣetán láti yí nígbàkúùgbà. Ni Bàámi bá na ìka láti ta abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń jí ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ ṣe "ẹ jọ̀ọ́ sà," ìka á ti lọ! Mo gbá ọwọ́ wọn dànù. Àtàǹpàkò mi ṣèèṣì tẹ rìmóòtù, abẹ̀bẹ̀ náà sì yí fìrìrì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàámi rọra ka ìka wọn dé orí ìkarùn-ún kí wọ́n tó ní kí n dìde.