Èyí Tí Ó Kọ Pé Ó Kún

Ó-Ti-Ṣe-Tán ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni olùtọ́jú sílíńdà ọ́síjìn. Láràárọ̀, á yẹ aago kékeré tó ń fi bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: ó kún. Ní ìjọ, òun náà ni wọ́n ń ké sí bí ọ̀rọ̀ bá kan mímúra de Olúwa.

"Jésù ò ní bá ẹ nílé o," nọ́ọ̀sì àgbà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìdí sílíńdà ló máa ti wá mú ẹ."

Á fi eyín rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó kọ "ó kún" sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo sílíńdà nínú ìwé láìwo ẹyọ kan. Kò pẹ́ tí wọ́n ké sí i: obìnrin kan ò lè mí dáadáa. Ó sáré gbé sílíńdà kan wọlé. Wọ́n ṣí i; òfìfo ni. Kí ó tó gbé òmíràn dé, obìnrin náà ti dákẹ́.

Nínú ìwé, gbogbo wọn kún. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbọ́ ọ. Bí ó bá ń di okùn bàtà, bí ó bá wà lórí eékún, ẹnìkan á máa fa èémí lẹ́yìn rẹ̀, kò ní rí i fà tán. Ó fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀. Èémí náà ò lọ.

Ọkọ obìnrin náà, télọ̀ ni, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sáré lọ́jọ́ náà."

Ni Pásítọ̀ bá ní kí ó wàásù lórí àwọn wúńdíá mẹ́wàá ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, ó ka ìtàn náà dé ibi tí fìtílà àwọn tí kò ní òróró ti ń kú lọ. Ó pa Bíbélì dé, ó dìde.

"Bàbá wọn, níbo?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ọ̀dọ̀ télọ̀."

"Aṣọ ọ̀la ti wà nílẹ̀ o."

"Kì í ṣe ti aṣọ."

Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, òun nìkan. Ó ní kí ó jókòó. Kò jókòó.

"Sílíńdà tí mo kọ́kọ́ gbé wá lọ́jọ́ yẹn, òfìfo ni. Mo ti kọ ọ́ pé ó kún. Mi ò wò ó."

Télọ̀ rán ojú aṣọ náà tán, ó gé òwú.

"Mo wà nínú yàrá yẹn, ẹ̀gbọ́n. Mo rí yín nígbà tí ẹ lọ gbé èkejì."

"Ẹ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Mo ní bóyá lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní jẹ́ kí n dúpẹ́ ọ̀hún tán." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Nígbà tí ẹ jáde, ìyàwó mi fi ojú bi mí bóyá ẹ máa tètè dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ témi nìyẹn."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ. Télọ̀ ò fà á dìde, kò sì lé e jáde.

"Lọ́jọ́ Ajé, mo máa sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé ìwòsàn," ni ó wí lórí eékún.

"Ó dọwọ́ yín. Ẹ sọ fún Pásítọ̀ kí ó wá ẹlòmíràn fún ọ̀la." Télọ̀ ká aṣọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbà á o."