Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Kọ̀ Láti Tọ̀

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì gbòde, tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa ní Àrádágún, ni mo bí ọmọbìnrin mi. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ kò sí nínú. Ó là sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìdodo, ó pọ́n bí ẹyìn, ìtọ̀ sì ń kán níbẹ̀ tọ̀sántòru. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìkókó, wọ́n dá àpò náà padà sínú, wọ́n pa ikùn dé, àmọ́ kò lè mú ìtọ̀ dúró. Bí wọ́n bá so àkísà tí mo fọ̀ nígbà náà pọ̀, yóò gùn láti ọ̀dọ̀ wa dé Kankon.

Nígbà tó tó ilé ìwé í lọ, dókítà kan ní Èkó tún un ṣe, ó fún ọrùn àpò náà kí ó lè máa di ìtọ̀ mú. Nígbà tí ojú abẹ jiná, wọ́n yọ rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde. Dókítà ní ó ku kí ọmọ náà tọ̀ fúnra rẹ̀.

A gbé e jókòó sórí póò. Kò tọ̀. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ègùn tí kì í gbà pé nǹkan kan ṣòro, bẹ̀rẹ̀ sí í da omi láti ife kan sí òmíràn, kí ìró rẹ̀ lè pe ìtọ̀ jáde. Ó pè é lóòótọ́, àmọ́ lára tiwa ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ sáré jáde, ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a padà dé, ọmọ tirẹ̀ ti tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà pàápàá ń fẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ìyá ọkọ mi ń da omi lọ, ó ń fi Ègùn bẹ Ọlọ́run. Ọmọ mi jókòó bí ọba, ó ń wò wá.

Mo kúnlẹ̀, mo bi í bóyá ó ń dùn ún ni.

"Kò dùn mí, Mọ́mì. Ẹ jáde. Gbogbo yín ti wò mí tó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ta ni kò tíì tú aṣọ ọmọ yìí wò nínú àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹbí? A jáde, dókítà fa aṣọ ìkélé. Láìpẹ́ a gbọ́ ìtọ̀ rẹ̀, ó dà, ó dáwọ́ dúró, ó tún dà. Ó ti rí i pé òun lè dá a dúró, ó wá ń fi í ṣeré. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì sáré lọ wá ilé ìtọ̀ tirẹ̀.

Kì í ṣe pé wàhálà náà tán lọ́jọ́ kan náà. Ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń lọ sílé, ó dá ọkọ̀ dúró láti lọ tọ̀ kí a tó dé Mowó, ó tún dá a dúró ní Mowó. Àwọn èrò fẹ́ bínú. Ìyá ọkọ mi bá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ọmọ mi máa wọ ọkọ̀ padà, gbogbo ọkọ̀ ló kí i kú oríire.