Ọjọ́ Tí Mo Ya Ọ̀rá Jákẹ́ẹ̀tì Ẹgbẹ́

Ọjọ́ tí a ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tuntun wa ní Òde-Omi ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ alukoro lè la ẹ̀mí lọ. Ọkọ̀ ti wà létí èbúté, wọ́n kùn ún ní búlúù àti funfun, ó ń dán bí abọ́ ìyàwó tuntun. Àwọn àlejò ti ń múra àtiwọ̀ ọ́: àwọn olóyè, àwọn olùkọ́ yunifásítì láti Àgọ́-Ìwòyè, àwọn alájàpá tí ń ṣòwò ẹja, gbogbo wọn nínú aṣọ tó gbayì. Bàbá mi ti jókòó sí etí iwájú ọkọ̀, ibi tí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí. Atẹ́gùn ọ̀sán sì ti ń ru omi ọ̀sà sókè. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wọ jákẹ́ẹ̀tì.

Jákẹ́ẹ̀tì tí mo ń wí ni èyí tí a ń dè mọ́ àyà kí ènìyàn lè léfòó bí ó bá ṣubú sómi. Ẹgbẹ́ àwa ọlọ́kọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tuntun ni. Èmi ni alukoro ẹgbẹ́, ìyẹn ẹni tí ń lọ sọ̀rọ̀ fún wọn ní rédíò, tí ń pe àwọn oníròyìn, tí èrò sì ń bú bí ọkọ̀ bá pẹ́. Iṣẹ́ náà wù mí, torí ẹnu mi kì í dákẹ́ láti kékeré. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti sọ lórí rédíò pé kò sí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ wa láìwọ jákẹ́ẹ̀tì. Alága wa ló ní kí n sọ ọ́, mo sì gbà á gbọ́.

Àfi bí mo ṣe dé èbúté lọ́jọ́ náà tí mo rí i tí wọ́n to jákẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì fún ìran wíwò, tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà. Ẹ mọ àwa àti ohun tuntun. Ẹni tó ra àga onítìmùtìmù kì í fẹ́ ya ọ̀rá ara rẹ̀. Lórí ọ̀rá ni yóò máa jókòó tí yóò máa làágùn, kí àlejò ṣáà lè mọ̀ pé tuntun ni. Mo bá Alága lábẹ́ kánópì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́."

"Lórí agbádá olóyè? Kí iṣẹ́ ọrùn aṣọ wọn má hàn nínú fọ́tò?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àti pé ó máa dọ̀tí. Àwọn ará ìjọba ṣì ń bọ̀ wá wò ó."

"Mo ti sọ ọ́ ní rédíò, sà."

"O ti sọ ọ́, ó ti tó. Ta ló tún ní ká ṣe é?"

Alága kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn gbà pé bí iwájú ilé bá ti dára lójú títì, ẹ̀yìnkùlé lè dúró ná. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Bàbá mi tó jókòó níwájú ọkọ̀ yẹn, atukọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Láàárín Òde-Omi àti Ìwópin ló ti lo ìgbà agbára rẹ̀. Àìsàn ti mú apá òsì rẹ̀, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́.

Mo mú jákẹ́ẹ̀tì kan, mo ya ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀rẹ̀. Alága ní kí n má ya á, àmọ́ mo ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹgbẹ́ wa ti ṣèlérí, a kì í sì í ṣèlérí lásán. Alága fúnra wọn ni yóò kọ́kọ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ máa ya fọ́tò wọn."

Gbogbo kámẹ́rà yí sí i. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Kí ni yóò tún ṣe? Ó wọ̀ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí ń sọ pé iṣẹ́ mi ti bọ́. Àwọn olóyè àti àwọn àlejò yòókù tẹ̀ lé e, a ń ya ọ̀rá, a ń de okùn. Ó ku bàbá mi.

"Mé è wọ̀ ọ́," ni ó wí ní Ìjẹ̀bú rẹ̀. "Omi mọ̀ mí."

"Ẹni tó ní apá méjì ni omi mọ̀, Bàbá."

Ó wò mí títí. Mo rò pé yóò gbá mi létí níwájú àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ni ó gbé apá tó dára sókè, mo sì dè é fún un.

Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, ojú oró wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì kú. Atẹ́gùn dá ọkọ̀ wa ní ìbú, omi ń dà wọlé, àwọn alájàpá ń ké pe Ọlọ́hun. Ọkọ̀ fì lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí bàbá mi tó yọ̀ kúrò létí ọkọ̀. N kò mọ ohun tí mo ń kígbe. Omi bò ó, ẹ̀mí mi bá a lọ. Ìgbà tó ṣe, orí rẹ̀ yọ, jákẹ́ẹ̀tì gbé e dúró, ó ń tu omi lẹ́nu, ó ń ṣépè fún ojú oró. Alága ló na ọ̀pá ọkọ̀ sí i, tí ó sì fà á wọlé. Mo sunkún bí ọmọdé.

Fọ́tò Alága pẹ̀lú ọ̀pá náà wọ ìwé ìròyìn, kò sì lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Òun náà ni ó ní kí wọ́n fọ jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sá a, kí wọ́n sì wá ọ̀rá tuntun fi wé e. Wọ́n kó o pa mọ́.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo wà nílé tí fóònù mi dún. Alága ni. Ariwo èbúté ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Alukoro, tètè máa bọ̀. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja jókòó sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò wọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì, pé a ti sọ ọ́ ní rédíò. Kí la máa sọ fún wọn?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn, sà. Ẹ kó o jáde."

Mo gbọ́ tó ń pe ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n kó o sí wà lọ́wọ́ rẹ̀.